Odò Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Páànù

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan. Ọgbà náà tóbi débi pé ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé láàárọ̀, ebi á ti pa á lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan ògiri ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ ràgàjì kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè títí olúwarẹ̀ á fi máa wo òrùlé ilé ara rẹ̀. Àwọn ẹṣin onígi wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sáré yípo, tí wọn kì í jẹ koríko. Ilé àlejò náà wà, nítorí àwọn kan wà tí ìgbádùn ọ̀sán kan ṣoṣo kì í tó.

Ọgbà yìí ní àṣà kan. Bí ìgbà bá ti yí, ọgbà náà á pààrọ̀ aṣọ. Bí òjò bá wọlé, wọn á so agbòjò aláràbarà kọ́ sókè ojú ọ̀nà. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, wọn á tú òwú àràbà dà sórí àwọn igi, kí àwọn ọmọdé lè máa pè é ní yìnyín. Yìnyín náà kì í tutù, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà imú. Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, orin tí wọ́n ń kọ jù nínú ọgbà náà ni "Hàṣín!"

Ọjọ́ tí ọgbà bá pààrọ̀ aṣọ ni alábòójútó máa ń gun orí àga kan, á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, á sì kéde fún àwọn àlejò ohun tó ti parí àti ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹni tó ni ọgbà pè é. Bàbá arúgbó ni, ìlú òkèèrè ló ń gbé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ó ní, "Mo fẹ́ odò nínú ọgbà yìí. Odò tí á máa ṣàn yípo, tí ọkọ̀ á máa gbé àwọn ènìyàn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Sìmẹ́ńtì nìyí. Páìpù nìyí. Ọkọ̀ kan nìyí kẹ́ ẹ fi wo ìwọ̀n. Ilé ẹnu ọ̀nà tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ń gbé yẹn, bí odò bá ṣàn, mo fún ọ. Bí kò bá ṣàn, ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ni yóò wá máa gbé ibẹ̀."

Alábòójútó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ kà á sí pé ó ti ń ṣàn."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ó ra páànù, ó fi yí gbogbo ilẹ̀ náà ká kí ẹnikẹ́ni má ṣubú sí kòtò. Kòtò kò tíì sí, ṣùgbọ́n a kì í dúró de kòtò ká tó ṣọ́ra. Ó wá pe pẹ́ńtà kan pé kó ya odò náà sára páànù. Pẹ́ńtà ya omi, ó ya ọkọ̀, ó sì ya ìyá sísanra kan tó jókòó sínú ọkọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńtà kò mọ ẹnì kankan lágbègbè náà. Ṣùgbọ́n ìyá inú àwòrán yìí àti ìyá ìyàwó alábòójútó, bí ìbejì ni wọ́n rí.

Ọjọ́ tí wọ́n so agbòjò, alábòójútó gun orí àga. "Odò ń bọ̀!" ló ké. "Ó kù díẹ̀!"

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí òrùlé. Pàtẹ́wọ́ náà gba etí rẹ̀ wọlé, kò sì jáde mọ́. Ìyìn tó yẹ kó gbà lẹ́yìn iṣẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ṣọ́bìrì ti wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Bírìkìlà tó gbà síṣẹ́ wá bá a. "Ọ̀gá, ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

"Nínú òjò yìí? Ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Ohun tá a bá gbẹ́, á ya padà."

Ọyẹ́ dé. Bírìkìlà tún wá. "Ọ̀gá, òjò ti lọ o."

"Ṣé o ò rí ilẹ̀ ni? Ó ti le koko. Ṣé o fẹ́ ṣẹ́ ṣọ́bìrì Bàbá?"

"Ìgbà wo wá ni ilẹ̀ máa ń ṣe é gbẹ́, Ọ̀gá?"

"Láàárín méjèèjì."

"Ìgbà wo ni àárín méjèèjì?"

"Ó ti kọjá."

Kò jí nǹkan kan o, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì wà ní sítóò láìfọwọ́kàn, títí tí àpò kọ̀ọ̀kan fi di òkúta. Ohun kan ṣoṣo tí alábòójútó kì í fi jáfara ni páànù. Bí ìgbà bá ti yí, pẹ́ńtà á dé. Nígbà ọyẹ́, ó wọ ẹ̀wù òtútù fún ìyá inú ọkọ̀. Nígbà òjò, ó bọ́ ọ, ó sì fi agbòjò lé e lọ́wọ́. Odò tí kò ní ẹ̀kán omi kan ti ní aṣọ ìgbà òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni alábòójútó ń gun orí àga, tó ń ké pé ó kù díẹ̀, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Àwọn èrò sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ó-kù-díẹ̀. Ó rò pé oyè ni.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé, "Bàbá Àbẹ̀gbé, ilé yìí ò ní di tiwa bẹ́ ẹ ò bá gbẹ́lẹ̀."

Ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ pàtẹ́wọ́ ni?"

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ ìṣòro gan-an. Ìyá yìí rí ara rẹ̀ lára páànù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pariwo, "Èmi mà nìyí!" Ó lọ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ rẹ̀ pé àna òun ń gbẹ́ odò, àti pé òun ni yóò kọ́kọ́ wọkọ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń wá, pẹ̀lú gèlè tuntun. Alábòójútó á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ìyá á wò ó láti orí dé àtàǹpàkò. "Àna mi, díẹ̀ yìí mà pọ̀ o."

Nígbà tó ṣe, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdí tí àwọn kò fi gbọ́ ariwo iṣẹ́. Ìyẹn kò le. Alábòójútó fún bírìkìlà ní àgbá òfìfo kan àti irin kan, ó ní bó bá ti gbúròó èrò, kó máa lù ú. Bírìkìlà lóhùn. Á máa lu àgbá gbàn-gbàn-gbàn, á sì máa pariwo, "Ẹ gbé sìmẹ́ńtì wá! Ẹ rọra o, ẹ̀rọ ń bọ̀!" Àwọn àlejò á sún sẹ́yìn kí ẹ̀rọ má bàa tẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n bírìkìlà kì í ṣe ẹni tó lè jókòó lásán. Láàárín ariwo kan sí èkejì, ó gbin àgbàdo sẹ́yìn páànù. Àgbàdo ta, ó gbó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sun ún jẹ, èéfín sì gba òkè páànù jáde.

Ọkùnrin àlejò kan, olójú lílà, béèrè pé, "Ọ̀gá, èéfín kí nìyí?"

"Wẹ́dà wa ló ń jó irin."

Ọkùnrin náà fa imú. "Irin yìí mà ń ta sánsán o."

"Òkè òkun ló ti wá."

"Ẹ bá mi mú méjì, ẹ jọ̀ọ́. Kó má jóná jù."

Báyìí ni nǹkan ń lọ títí ìránṣẹ́ fi dé pé ẹni tó ni ọgbà ń bọ̀ wá wo odò rẹ̀. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà náà, ọyẹ́ kò sì tíì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, àárín méjèèjì. Ẹ̀rù ba alábòójútó. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sáré mú ṣọ́bìrì.

Ọ̀dà ló mú.

Ó ní kí pẹ́ńtà ya odò náà ní ìlọ́po méjì. Ó ní kí wọ́n tú òwú àràbà dà sórí àwọn igi ṣáájú àkókò, kí gbogbo ọgbà lè funfun. Lọ́jọ́ tí Bàbá dé, èrò pé bíi omi. Bàbá jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ìyá ìyàwó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Alábòójútó gun orí àga. Lẹ́yìn páànù, bírìkìlà ń lu àgbá bí ẹni pé wọ́n ń kọ́ ìlú tuntun.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, odò ń bọ̀! Ó kù..."

Afẹ́fẹ́ dé. Ìjì ìkẹyìn òjò ni, irú èyí tó máa ń kí ènìyàn pé ó dìgbóṣe. Ó kọ́kọ́ kó òwú àràbà kúrò lórí igi, ó dà á bo gbogbo èrò. Alábòójútó sín sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìró rẹ̀ sì kan ìlú kejì. Lẹ́yìn náà ni páànù kan mì. Èkejì dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, odò, ọkọ̀ àti ìyá ẹlẹ́rìn-ín dojú bolẹ̀ gbàràgàdà.

Oko àgbàdo ló kù. Ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọkọ̀ Bàbá wà láàárín rẹ̀, adìẹ kan sì ń sàba nínú rẹ̀. Bírìkìlà kọ ẹ̀yìn sí èrò, irin wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ òsì. Kò mọ̀ pé páànù ti lọ. Ó bu àgbàdo jẹ, ó lu àgbá, ó pariwo, "Ẹ gbé sìmẹ́ńtì wá!"

Olójú lílà ọjọ́sí ló kọ́kọ́ fọhùn. "Irin náà rèé! Ẹ wò ó, ó ti hu irùngbọ̀n!"

Alábòójútó ṣì wà lórí àga. Ẹnu rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀. "Ó... ó kù..."

"Díẹ̀!" ni gbogbo èrò ké.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ dì. Ó la àárín àgbàdo kọjá, ó lé adìẹ kúrò, ó jókòó sínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí pẹ́ńtà ṣe yà á.

"Àna mi, mo ti wọkọ̀. Wá máa tù mí lọ."

"Màmá, kò sómi."

"Ta ló bi ọ́ léèrè omi? Gbogbo ìgbà tí mò ń bọ̀ yìí, ṣé mo béèrè omi lọ́wọ́ rẹ? Tù mí."

Alábòójútó wo ojú Bàbá, bóyá yóò gbà á sílẹ̀. Bàbá na ọ̀pá sí àjẹ̀ ìtukọ̀ tó wà nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà bá mú un, ó dúró sẹ́yìn ìyá ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tu ilẹ̀. Ó fà á lọ́tùn-ún, ó fà á lósì. Ewé àgbàdo ń gbá a létí. Òógùn bò ó.

"Màmá, ṣé ó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó tún tu ọkọ̀. "Màmá, apá ń dùn mí."

"Ó kù díẹ̀, àna mi. A ò ní pẹ́ gúnlẹ̀."

Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ ọjọ́ náà pọ̀ ju gbogbo èyí tó ti gbà rí lọ. Kò dùn rárá.

Nígbà tí ìyá sọ̀ kalẹ̀, Bàbá rìn wá síbi ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ibi tí àjẹ̀ ti ń fa ilẹ̀, kòtò gígùn ti wà níbẹ̀, ó dé orúnkún ọmọdé. Bàbá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n.

"Ilẹ̀ yìí mà ṣe é gbẹ́," ló wí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ, àfi pé ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé páànù dìde mọ́.

Lójú gbogbo ayé ni alábòójútó ti gbẹ́ odò náà. Òun àti bírìkìlà ni. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wá jókòó sétí kòtò, tó ń jẹ àgbàdo, tó ń bi í bóyá ó ṣì kù díẹ̀. Alábòójútó á kàn máa gbẹ́lẹ̀ lọ. Odò ṣàn níkẹyìn. Bàbá fún un ní ilé náà, ṣùgbọ́n ó fi yàrá iwájú fún bírìkìlà, ó ní ẹni yẹn kúkú ti gbin nǹkan sí ilẹ̀ òun. Títí dòní, bírìkìlà ṣì ń pariwo lójú oorun pé kí wọ́n gbé sìmẹ́ńtì wá.

Nísinsìnyí, ìwọ tí mo pa àkàwé yìí fún, má bojú wẹ̀yìn. Ìwọ ni. Nígbà òjò, o sọ fún gbogbo wa pé o máa lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ parí ìjà bí ọ̀nà bá gbẹ. A yìn ọ́, a ní ọmọlúàbí ni ọ́. Ọyẹ́ dé, o ní eruku pọ̀ lójú ọ̀nà. Ò ń jẹ́rìí nínú ìjọ, ò ń rẹ́rìn-ín, ò ń sọ pé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ó kù díẹ̀. Páànù rẹ dára, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n òórùn àgbàdo ti ń ta sí wa nímú, afẹ́fẹ́ sì ti ń bọ̀. Dìde, mú ṣọ́bìrì. Ilẹ̀ yẹn ṣe é gbẹ́.