Ihò Òkété Ẹlẹ́nu Mẹ́ta

Àlọ́ mi dé o, ẹ̀yin ọmọ!
— Kó máa bọ̀, ìyá!

Ó dá lórí Òkété tó háwọ́, tó kó ẹyìn kún inú ihò ẹlẹ́nu mẹ́ta. Nítorí olè, ó dí ẹnu kìíní. Ó jẹun, agbára rẹ̀ dínkù. Ó dí ìkejì. Ó tún jẹun, ó ń gbọ̀n. Ó dí ìkẹta; ó yó bámúbámú, kò lè dìde mọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ gbọ́ ìkérora, ó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, ṣílẹ̀kùn o!
— Atẹ́gùn ni yóò fẹ́ná!
Oúnjẹ nigi ìdáná o!
— Atẹ́gùn ni yóò fẹ́ná!

Atẹ́gùn wọlé, ara Òkété gbóná, ó dìde.

Bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń pa á nìyẹn, lábẹ́ igi ọsàn. Á ní ká gbọ́wọ́ lé àyà wa: “Ṣé ẹ mọ ooru yẹn lára? Oúnjẹ yín ló ń jó, èémí yín ló ń fẹ́ ẹ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́wọ́ lé àyà tirẹ̀. Ẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́. Àyà ti tutù.

Ẹ wá gbọ́wọ́ lé tèmi.
— Ó gbóná, ìyá!
Ó dáa. Ẹ tún gbè é.