Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àwòrán Gbogbo Ayé

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀hẹn. Fadérera, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò mọ́ ẹ̀ka, ó já lu Ọ̀kẹ́rẹ́ ọlọ́wọ́ wéréwéré.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní fóònù, Aláǹtakùn kọ́ ilé àwòrán kan sórí ayélujára. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe kọ́ ọ. Ta ló tún mọ okùn ta ju Aláǹtakùn lọ? Ó kó àwòrán ìkòkò síbẹ̀, ó kó ti agboòrùn, ti àkùkọ tó ń kọ, ti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ya òmíràn ti kú tipẹ́. Àwọn tó wà láàyè sì ní, "A fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ." Ṣé ẹ mọ odò ìlú? Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́ kó o tó pọnmi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. O ò tọrọ, o ò sanwó, o kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àwòrán dé! Háà, ohun náà wù mí o. Ẹni tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀ pé.

Ẹni tó jàǹfààní ẹ̀ jù ni Àparò. Àparò ń kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ níwèé lábẹ́ igi òrombó, ṣùgbọ́n kò mọ àwòrán yà. Bó bá ya ajá, àwọn ọmọ á ní, "Ìyá wa, àga nìyí!" Ìgbà tó rí ilé Aláǹtakùn ló tó bọ́. Ó lẹ àwòrán mọ́ ara igi: A, ajá. B, bàtà. D, dígí. Àwọn ọmọ ń kà á, wọ́n ń jó:

Àwòrán wa rèé o,
Jáńjálá!
Ti baba ta ni í ṣe?
Jáńjálá!
Ti gbogbo wa ni,
Jáńjálá!

Ó yá, ẹ gbè é! Ẹ ṣeun, ohùn yín dùn ju tèmi lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ orin yìí lókè igi. Ẹ sì mọ Ọ̀kẹ́rẹ́, ohun tó bá rí, àfi kó kó o pamọ́. Ó ní, "Ti gbogbo wa? Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, kò ní olóhun nìyẹn. Èmi ni n ó ni ín." Ó wọ ilé àwòrán lọ, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú fóònù tirẹ̀, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò wò wọ́n o! Ojúkòkòrò kì í jẹ́ kéèyàn wo ohun tó ń kó.

Ló bá tọ Àparò lọ. "Ìyá olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ya gbogbo àwòrán yìí. Agbọ̀n àgbàdo kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ó fà wọ́n ya."

"Ọ̀kẹ́rẹ́, àgbàdo tí àwọn ọmọ ń jẹ nìyẹn!"

"Kí wọ́n lọ jẹ koríko."

Àparò gbé agbọ̀n àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ebi ń pa àwọn ọmọ, orin dákẹ́, àwọn kan ò wá kàwé mọ́. Inú Àparò bàjẹ́ gan-an. Ó sunkún dé ààfin Erin ọba.

Erin ránṣẹ́ pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Aláǹtakùn náà wá.

"Kábíyèsí," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, "Aláǹtakùn ló jí àwòrán mi. Gbogbo èyí tí àtẹ́lẹwọ́ mi bá wà lára ẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi yà á. Mo fi ìrù mi búra!"

Aláǹtakùn kò bínú. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kó fi àwòrán ọ̀hún hàn wá nínú fóònù ẹ̀."

Wọ́n ń wò ó. Ìkòkò kọjá. Agboòrùn kọjá. Àfi gbàgà! Erin ńlá kan yọ, ó wọ ṣòkòtò tó ya nídìí, eku ẹyọ kan ń lé e lọ. Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ sì wà ní ìdí Erin gan-an.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ààfin ọba la wà!

Erin na ọwọ́jà rẹ̀ sí i. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ta ló ya èyí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bojú wo ìrù tó fi búra. Bó bá ní òun ni, ó ti bú ọba. Bó bá ní òun kọ́, ó ti búra èké. Ẹ̀rù bà á, ó ké: "Kábíyèsí, kì í ṣèmi! N ò tiẹ̀ mọ ẹni tó yà á! Ti gbogbo ayé ni! Gbogbo wọn pátá, ti gbogbo ayé ni!"

Erin bú sẹ́rìn-ín, ilẹ̀ mì. "Èmi mọ ẹni tó yà á. Èmi fúnra mi ni. Mo fi ta ayé lọ́rẹ, kí àwọn ọmọ lè máa rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dá àgbàdo padà, ó sì fi tirẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Erin ní kò tíì tó. Ó ní kó jókòó, kó ya ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, kó fi sílé àwòrán. Ọ̀kẹ́rẹ́ làágùn títí, ó ya ẹyìn kan, ó wọ́ sápá kan. Àparò kò tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ó mú un, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́gi. Àwọn ọmọ kígbe, "Ẹ, ẹyìn!" Ọ̀kẹ́rẹ́ la ẹnu lókè igi, ó fẹ́ sọ pé tòun ni. Ó tún pa á dé. Inú ẹ̀ ń dùn, kò sì mọ ìdí ẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá sọ ohun gbogbo ayé di tirẹ̀ nìkan, àbùkù inú ẹ̀ di tirẹ̀ náà. Ẹ mú nínú ti gbogbo ayé, kẹ́ ẹ sì fi tiyín kún un.