Ìyá Àgbà Òòrẹ̀ Lábẹ́ Ọ̀gànwó

Àlọ́ o, ẹ̀yin àbúrò mi!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó wọ igbó kìjikìji, ó jókòó ti Ìyá Àgbà Òòrẹ̀.

Nínú igbó náà, bí wọ́n bá bí ọmọ, ìdí igi ni wọ́n ń sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Igi yẹn di tọmọ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e. Òòrẹ̀, agbẹ̀bí wọn, ló ń sin ín.

Àwọn àjèjì wá ra gẹdú. Ọba Ẹkùn ta gbogbo igbó, ó ní, "Igi igbó kò ní ẹni tó ni ín." Òun fúnra rẹ̀ gbé àáké, ó ṣáájú wọn. Wọ́n dé ìdí igi kìíní. Ọ̀kẹ́rẹ́ sunkún pé tọmọ òun ni. Wọ́n gé e. Wọ́n dé ìdí èkejì, Àgbọ̀nrín kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gé e. Wọ́n dé ìdí ọ̀gànwó ńlá, Òòrẹ̀ ti jókòó síbẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Ta ló nigi yìí?
Ọmọ tó nìwọ́!
Ta ló fẹ́ gé e o?
Ọmọ tó nìwọ́!

Ẹkùn ní, "Ìyá arúgbó, dìde! Ìwọ́ ta ló wà níbẹ̀?"
"Tìrẹ ni, Kábíyèsí. Ọwọ́ mi yìí ló sin ín."
Kíá ni Ẹkùn gbé àáké sílẹ̀. "Ó dáa, ẹ fi tèmi sílẹ̀, ẹ gé ìyókù."
Òòrẹ̀ na ẹ̀gún ró ṣáṣá. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ́ tìrẹ nìkan ni ìwọ́?"

Ọba wo Ọ̀kẹ́rẹ́, ó wo Àgbọ̀nrín, ojú tì í. Ó lé àwọn àjèjì lọ.

Ìyá àgbà yẹn mà gbójú o! Ibẹ̀ ni mo fi àlọ́ mi sí. Bí ẹ bá délé, ẹ bi ìyá yín pé igi wo ni tiyín.