Ọ̀bọ Pe Aláìsàn ní Ọ̀lẹ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra, ó balẹ̀ sórí Ọ̀bọ, olórí àáró, tó pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Ìwà burúkú ni, ẹ̀yin ọmọ.

Etu wà nínú ẹgbẹ́ àáró náà; àgbàrá gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, inú a máa run ún, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ju ọkọ́ sílẹ̀ lóko àáró. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀bọ jágbe mọ́ ọn:

“Ṣé inú ikùn rẹ ni òjò ń rọ̀ sí ni? Ọ̀lẹ! Kúrò láàrin wa!”

“Ẹ jọ̀wọ́, olórí wa, ta ni yóò bá mi ro oko? Kí ni àwọn ọmọ tó kù yóò jẹ?”

Wọ́n lé e. Ó ń kọrin lọ, ẹ bá mi gbè é:

Òjò ṣú, àyà mi já,
Kẹ́rẹ́ńkẹ́.
Àyà já, inú ń run mí,
Kẹ́rẹ́ńkẹ́.
Ọ̀lẹ kọ́, àìsàn ni,
Kẹ́rẹ́ńkẹ́.

Kò pẹ́, ẹ̀ka igi kán, Ọ̀bọ já lulẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan igi, òógùn a bò ó, ẹsẹ̀ a kọ̀ láti gùn. Ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó kó gbogbo ẹgbẹ́ àáró lọ sílé Etu, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn: “Ìyá wa Etu, ẹ foríjì mí. Ẹsẹ̀ mi ti san, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó gbé mi. Mo pe àìsàn yín ní ọ̀lẹ. Ẹ padà wá, oko yín la ó kọ́kọ́ ro.”