Ẹ̀gbà Ọrùn Àgbébọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó bà lé ọrùn Àgbébọ̀ adìẹ, abiyamọ ọlọ́mọ wẹẹrẹ. Ọ̀kín ẹlẹ́wà ló pe ìdíje: ẹni tó bá wọ ohun ọ̀ṣọ́ tí ojú ò rí rí ni yóò máa ṣíwájú ijó àwọn ẹyẹ. Àgbébọ̀ fẹ́ ipò yìí gan-an, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tì í sí.

Ó kọ́kọ́ sín ìkarahun ìgbín sọ́rùn. Ó wúwo, kò lè gbórí sókè. Ó sín egungun ẹja, ó ń gún àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sín àgbàdo pupa. Ó wá pọn àwọn ọmọ, ó kọrí sọ́nà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ta ní í so àgbàdo mọ́rùn, tí í pọn ọmọ adìẹ? Ó yá, ẹ gbè é:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra o.

*Ṣà á jẹ, kọ́-kọ́-kọ́.*

Ẹ̀gbà ọrùn kì í ṣoúnjẹ o.

*Ṣà á jẹ, kọ́-kọ́-kọ́.*

Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kín, òwú lásán ló kù.

“Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀ṣọ́ yín dà?”

“Ó wà níkùn wọn.”

Gbogbo ẹyẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ, wọ́n sá wọnú ìyẹ́ ìyá wọn, wọ́n wá yọ orí yí ọrùn rẹ̀ ká.

Ọ̀kín tẹjú mọ́ ọn. “Ẹ̀gbà ọrùn tó ń ṣẹ́jú rèé. Ẹ máa bọ̀ níwájú.”

Àgbébọ̀ ò tíì gbẹ́sẹ̀ ijó méjì tí ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ fi ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Bí mo bá parọ́, ẹ wo ọrùn ìyá yín, kí ẹ wo ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn.