Okùn Tí A So Ní Orí Kan

“Wọ́n ní Tinúadé ní kí Ìyá Ẹ̀bùn má...”

“Má kí ni?”

“Má sun ẹkún ìyàwó. Wọ́n ní ohùn wọn ti...”

“Ọmọ tí wọ́n pọ̀n dàgbà? Ẹ̀n-ẹ́n.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn ní agboolé wa ní Ìgbẹ́tì nìyẹn, láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ parí. Inú rẹ̀ ni òwe tí àwọn àgbà ilé wa ń pa ti jáde: “Okùn tí a so ní orí kan, ariwo ní í gbé, kì í gbé ohùn.” Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí bá ọmọ wí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Tinúadé, ẹ̀gbọ́n mi, ló sọ yàrá ẹ̀yìn di ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Máìkì méjì, ẹ̀rọ mẹ́ta, sípíkà kan, okùn wọn sì dijú bí irun tí a kò yà. Ó wá ra pátákó oníhò kan kí gbogbo okùn lè pàdé níbẹ̀. Ohùn á jáde ní ihò òkè, á wọlé sí ihò ìsàlẹ̀, okùn kúkúrú ni yóò so méjèèjì pọ̀. Èmi ni mo di pílásítà mú, mo ń lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ orúkọ sí i lára.

Nítorí Ìyá Ẹ̀bùn, àgbà obìnrin ilé wa tí wọ́n pọ̀n ẹ̀gbọ́n mi dàgbà, la ṣe ń kánjú. Àwọn nìkan ló kù tó mọ ẹkún ìyàwó ilé wa délẹ̀, ọmọ wọn sì ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, wọn ò ní padà mọ́. Ẹkún wọn kì í ṣe eré. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, omijé gidi ni, wọn kì í sì í sun ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wọn, sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀gbọ́n mi rán Gbádébọ̀, ọmọ àbúrò bàbá wa, sí Ìyá. Gbádébọ̀ ti kẹ́yìn sí wa kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdajì. Ta ló ń fi ẹ̀yìn gba iṣẹ́ tí a rán sí àgbà? Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ la fẹ́ bù fún un, ì bá jókòó gbọ́ ọ tán. Ohun tó jẹ́ fún Ìyá ni pé, “Tinúadé ní kí ẹ má sun ẹkún ìyàwó lónìí.” Ó tán. Àwọn ìdí kànga wá fi tiwọn kún un. 

Ìyá Ẹ̀bùn ti di ẹrù wọn tán kí wọ́n tó wọlé tọ̀ wá, Gbádébọ̀ lẹ́yìn wọn.

“Tinúadé, ìwọ tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n, ohùn mi ló wá di èérí sí ẹ̀rọ rẹ?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ìyá, n kò wí bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló ń kùn bí agbọ́n níbẹ̀ yẹn?”

“Okùn yìí ni, Ìyá. Orí kan wà nínú ihò, èkejì ló wà nílẹ̀ yìí. Mo ń wá ihò rẹ̀ ni.”

Mo nawọ́ sí ihò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ó ki okùn bọ̀ ọ́. Ariwo dá. A wá ń gbọ́ èémí Ìyá nínú sípíkà.

Ìyá wo okùn, wọ́n wo Gbádébọ̀. “Okùn tí a so ní orí kan, ariwo ní í gbé, kì í gbé ohùn. Gbádébọ̀, orí kejì iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ dà?”

“Mi ò gbọ́ ìyókù, Ìyá. Mo ti ń lọ.”

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún ẹni tó gbé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kiri, àti fún ẹni tó fẹ́ bínú kó tó béèrè ààbọ̀ tó kù. Ìyá sun ẹkún náà nírọ̀lẹ́, a gbà á sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó la ẹnu, wọ́n ní kí ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ náà tán tún un sọ. Èmi ni. N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, àmọ́ mo sọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀:

“Sọ fún Ìyá Ẹ̀bùn kí wọ́n má sun ẹkún ìyàwó lónìí bí n kò bá tíì rí ariwo yìí pa, ohùn bíi tiwọn, kò yẹ kí ohunkóhun bò ó mọ́lẹ̀.”