Eégbọn Fi Ọwọ́ Ìda Wọ Inú Ọ̀gán

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó di ọ̀dọ̀ Eégbọn. Ẹ̀jẹ̀ ajá ti sú u. Olú tí àwọn ikán ń gbìn sínú ọ̀gán ló ń wù ú jẹ, kó má sì ṣiṣẹ́ kankan.

Ikán kò lójú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, á na ọwọ́ sí Baba Oníbodè. Bí ìka wọn bá kọ́ra rẹ́gí, ọmọ ilé ni. Eégbọn bá fi ìda oyin mọ ọwọ́ ikán, ó wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba."

Baba Oníbodè fọwọ́ kọ́ ọ. "Ó ṣe rẹ́gí. Wọlé, ọmọ mi. Àmọ́ kí ló dé tí o ń rùn bí ajá?"

"Ajá ló jókòó lé mi, Baba."

"Pẹ̀lẹ́."

Láyé ìgbà náà, ẹrẹ̀ ni ikán fi ń mọ ọmọ. Eégbọn lọ bá Àwẹ̀ró, ọ̀gá àwọn tó ń mọ wọ́n, ó na ọwọ́ ìda sí i. "Yèyé ilé ló rán mi. Ó ní bí mo ṣe rí yìí ni kí ẹ máa mọ ọmọ."

Àwẹ̀ró fọwọ́ pa á lára. "Ikùn rogodo báyìí?"

"Ẹ tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n máa mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Gbogbo èyí tí èmi mọ̀."

Ta ní í bá Yèyé, ìyá tó ń jọba lórí gbogbo ikán, jiyàn? Kí ọjọ́ tó rọ̀, igba Eégbọn ti jókòó. Eégbọn rò pé wọn á máa gbé olú wá fún òun ni. Àwọn náà nà gbalaja, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń retí ẹni tí yóò gbé e wá. Àwọn ikán ń gbé e fún wọn, títí wọ́n fi jẹ oko olú tán pátápátá, ó ku abọ́ kan. Àwọn ọmọ ikán ń sunkún ebi.

Àwẹ̀ró ní, "Àkọ́bí, ẹni tí a fọwọ́ pa lára kí a tó mọ àwọn tó kù, ni kó wá gba abọ́ yìí."

Igba ẹnu dáhùn: "Èmi ni."

Inú bí Eégbọn. "Ẹ̀yin ọmọ àárọ̀ yìí? Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Àbí ta nínú yín ló fi ìda mọ ọwọ́, tó fi tan arúgbó ẹnu ọ̀nà jẹ?"



Baba Oníbodè ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Tún un sọ, kí Yèyé lè gbọ́."

Ni wọ́n bá da oje igi lé ọwọ́ Eégbọn àti ti igba ọmọ rẹ̀, kó má lè kọ́ ọwọ́ oníbodè kankan mọ́. Wọ́n wọ́ wọn síta tuurutu. Àwọn ọmọ ikán sì gba abọ́ olú wọn.

Báyìí náà ni kòkòrò àìsàn ń ṣe wọ ara wa: ọwọ́ rẹ̀ á jọ tará ilé, á wọlé, á wá sọ òṣìṣẹ́ inú ara di ẹni tí ń mọ ọmọ fún un. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ilé rí bí òun, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá òun lè bá ara òun gbé.